Ìwé Atọ́nà fún Òmùgọ̀ Tó Ń Rán Ọmọ Lọ Sílé Ìwé láti Asafo

Ìwọ òmùgọ̀ àtàtà, a kí ọ kú ìnáwó. O ti ra tírọ́ńkì, o ti kan àpótí oúnjẹ, o ti kó gàrí, ṣítò, súgà àti mílíìkì kún inú rẹ̀. O ti ra bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìgbálẹ̀ àti àdá, bí ilé ìwé ti kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fún ọ. O ti kó gbogbo rẹ̀ dé ibùdókọ̀ VIP ní Asafo, ní Kumasi, o ti bá alábàárù fa ọ̀rọ̀ owó títí ọ̀fun rẹ fi gbẹ, ọmọ ti wọkọ̀, o sì ti juwọ́ sí i. Ó wá kù kí o padà sí ìsọ̀ rẹ lọ́jà Asafo, kí o máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá ra nǹkan pé ọmọ rẹ ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama.

O káre. Iṣẹ́ rẹ parí. Ohun tí ọmọ náà fẹ́ lọ kọ́ kò kàn ọ́ mọ́, olùkọ́ ló kàn. Ìwé yìí wà kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ayé.

OHUN TÓ YẸ KÍ O MỌ̀, KÍ O LÈ GBÀGBÉ RẸ̀

Ẹ̀kọ́ méjì ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà nílé ìwé. Ọ̀kan wà lára pátákó: ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, sáyẹ́ǹsì. Òun ni ìjọba ń bá ọ san owó rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án 2017, nígbà tí Ààrẹ Nana Akufo-Addo sọ ilé ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní Gánà. Èkejì kò sí lára pátákó. Olùkọ́ kankan kò múra rẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́, WAEC kò ṣètò ìdánwò rẹ̀, síbẹ̀ a kò tíì rí ọmọ tó fìdí rẹmi nínú rẹ̀.

Ará Amẹ́ríkà kan, Philip Jackson, jókòó sínú kíláàsì àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1968, Life in Classrooms, ó ní nǹkan mẹ́ta ni ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ilé ìwé tó lè gbà á: bí a ti ń gbé láàárín èrò, bí a ti ń gba ìyìn àti ẹ̀gàn lójú àwùjọ, àti bí a ti ń bá alágbára gbé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sí nínú ètò ẹ̀kọ́ kankan. Jackson pè wọ́n ní hidden curriculum. Àwa yóò máa pè wọ́n ní ẹ̀kọ́ abẹ́lẹ̀.

Má jẹ́ kí èyí dà ọ́ láàmú. Tẹ̀ lé àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ rẹ yóò gba oyè nínú ẹ̀kọ́ abẹ́lẹ̀ kó tó mọ ìsodipúpọ̀ orí.

ÌGBÉSẸ̀ KÌN-ÍN-NÍ: JẸ́ KÍ ỌMỌ MỌ ẸNI TÓ DI BÍRÒ MÚ

Olùkọ́ fẹ́ jáde lọ dáhùn fóònù. Ó pe olórí kíláàsì, ó ní kó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá pariwo. Láti ìṣẹ́jú yẹn, ìjọba tuntun ti gorí oyè.

Ẹni tó ní kí wọ́n yá òun ní rúlà, orúkọ rẹ̀ ti wọlé. Ẹni tó ń fi tábìlì ṣe ìlù, orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, nítorí òun àti olórí kíláàsì jọ ń wọ trotro délé ni. Ẹni tó bá fi tọ́fí kan ránṣẹ́ síwájú yóò rí i tí bírò gba orí orúkọ rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá sì ń jiyàn pé òun kò sọ̀rọ̀, wọn yóò kọ orúkọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ó sọ̀rọ̀ nígbà tó ń sọ pé òun kò sọ̀rọ̀. Olùkọ́ yóò padà dé, kò ní gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni, yóò ka ìwé náà láti òkè dé ilẹ̀, yóò sì na ọwọ́ mú ẹgba.

Ẹgba kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2019, Ghana Education Service ní kò gbọdọ̀ sí olùkọ́ tó ń na ọmọ mọ́. Òfin náà wà nínú fáìlì ní Accra, ẹgba sì wà lórí tábìlì ní ọ̀pọ̀ kíláàsì. Ọmọ rẹ ń wo àwọn méjèèjì, ó sì ń kọ́ pé òfin ní ilé tirẹ̀, ìṣe ní ilé tirẹ̀, wọn kì í kí ara wọn.

Wo èrè tó o jẹ láàárín ogún ìṣẹ́jú péré. Ọmọ ti mọ̀ pé ẹni tó ń kọ ìwé ẹ̀sùn lágbára ju ẹni tó ṣẹ̀ lọ. Ó ti mọ̀ pé a lè fi nǹkan kékeré ra orúkọ ẹni padà. Ó ti mọ̀ pé ẹni tó bá ń ja fún òtítọ́, ìyà rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Ìwé Social Studies ní orí kan lórí ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú. Yóò há a sórí, yóò gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.

Iṣẹ́ tìrẹ: bó bá ròyìn fún ọ pé òun fi tọ́fí yọ orúkọ òun, rẹ́rìn-ín, kí o sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọmọ yìí kò ní jìyà láyé. Bó bá dàgbà tó di òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí kì í fi ọwọ́ kan fáìlì àfi tí tọ́fí bá dé, ìwọ náà ni kó o kọ́kọ́ bú ìjọba.

ÌGBÉSẸ̀ KEJÌ: SỌ ÈDÈ ILÉ DI Ẹ̀ṢẸ̀

Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kumasi lè máa fi Twi ra ẹ̀wà, kó máa fi Haúsá bá ará àdúgbò Zongo ṣeré, kó sì máa fi Yorùbá kí ìyá ìyá rẹ̀. Èdè mẹ́ta kó tó mọ ABC! Ká ní ọmọ òyìnbó ni, wọn ì bá ti gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n. Nílé ìwé, orúkọ kan ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹ́: vernacular. Ẹni tó bá sọ ọ́, orúkọ rẹ̀ á bọ́ sínú ìwé olórí kíláàsì tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè.

Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ ba ètò rere yìí jẹ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi Yorùbá kọ́ wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ìwọ má ka irú ìyẹn. Àwọn aláṣẹ gan-an kì í ka irú rẹ̀ lójoojúmọ́: ní 2002, ìjọba Gánà ní kí Gẹ̀ẹ́sì nìkan jẹ́ èdè ìkọ́ni láti kíláàsì kìn-ín-ní, kí wọ́n tó tún èrò wọn pa lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Ọmọ tí wọ́n bá fìyà jẹ nítorí èdè kò ní torí ẹ̀ mọ Gẹ̀ẹ́sì sí i. Dákẹ́dákẹ́ ni yóò kọ́ dípò rẹ̀: ẹni tó mọ ìdáhùn, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lédè òyìnbó, kò ní nawọ́ sókè. Yóò sì kọ́ pé èdè ìyá àgbà jẹ́ ohun tí à ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu géètì.

Iṣẹ́ tìrẹ: bí ìyá àgbà bá kí i ní Yorùbá, tó fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, pàtẹ́wọ́. Bí ìyá àgbà bá bi ọ́ ohun tí ọmọ sọ, sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ìwé ni.

ÌGBÉSẸ̀ KẸTA: FI ÀDÁ JẸ Ẹ́ NÍYÀ

Àdá tó o rà yẹn, má rò pé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ẹni tó pẹ́ẹ́ dé, kó lọ gé koríko. Ẹni tó sùn nígbà ìkàwé alẹ́, koríko. Ẹni tó sọ Twi, koríko. Ẹni tó gba ipò kìn-ín-ní, àtẹ́wọ́ àti ìwé àjákọ tuntun. Kí ọdún mẹ́ta tó pé, ọmọ rẹ á ti rí àdá lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ débi pé bó bá pàdé àgbẹ̀ lójú ọ̀nà, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè nínú ara rẹ̀ ni pé: kí ni bàbá yìí ṣe?

Má sọ pé ti Gánà nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa ní ilẹ̀ Yorùbá, gbogbo wa la kọ orin pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni iṣẹ́ ilẹ̀ wa. Ẹni tí kò bá sì kọ orin náà sókè dáadáa, ìdí koríko lẹ́yìn kíláàsì ni wọ́n ń lé e lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba yóò gbé máíìkì dé. Ní 1972, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Acheampong, olórí ìjọba ológun Gánà, gbé Operation Feed Yourself kalẹ̀, ó ní kí gbogbo ará Gánà dáko. Láti 1985 ni wọ́n ti ń ṣe Ọjọ́ Àgbẹ̀ lọ́dọọdún, tí Ààrẹ ń fún àwọn àgbẹ̀ tó ta yọ lẹ́bùn. Ní 2017, Planting for Food and Jobs tún dé, wọ́n ń bẹ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n padà sóko. Àwọn ọ̀dọ́ náà jókòó, wọ́n fetí sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n sì ń ronú ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí pẹ́ ju àwọn ààrẹ náà lọ. Láti ayé àwọn òyìnbó ajíhìnrere ni wọ́n ti ń fi iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ọwọ́ kún ẹ̀kọ́ nílé ìwé, tí àwọn ìjòyè ìjọba òyìnbó sì ń ráhùn pé akọ̀wé nìkan ni gbogbo ọmọ fẹ́ dà. Philip Foster ṣe ìwádìí lórí ilé ìwé Gánà, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1965. Ohun tó rí kò dùn mọ́ àwọn tó ń kọ ètò ẹ̀kọ́ nínú: ó ní àwọn ọmọ kò gọ̀. Wọ́n wo ibi tí owó oṣù, bàtà dídán àti ọ̀wọ̀ wà, wọ́n rí i pé ọ́fíìsì ni, wọ́n sì dojú kọ ọ́. Ẹ̀kọ́ oko tó o bá fi wákàtí méjì kọ́ ọmọ lọ́sẹ̀ kò lè borí ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lójoojúmọ́. Ilé ìwé ń fẹnu yin àgbẹ̀, ó ń fọwọ́ yin akọ̀wé. Ọwọ́ ni ọmọ ń wò.

Iṣẹ́ ọwọ́ náà kò gbẹ́yìn. Suame Magazine wà ní Kumasi yìí kan náà, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹkáníìkì, alágbẹ̀dẹ àti jórinjórin ti ń sọ irin àlòkù di ohun tuntun, tí ọkọ̀ ń ti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí Gánà ká wá fún àtúnṣe. Ọkọ̀ tìrẹ pàápàá, ibẹ̀ lo gbé e lọ lóṣù tó kọjá, o sì bẹ ọ̀gá mẹkáníìkì bí ẹni bẹ ọba. Nígbà tí ọmọ gba òdo nínú ìṣirò, kí lo sọ fún un? O ní, «Má kàwé o, Magazine lo máa bá ara ẹ!»

Iṣẹ́ tìrẹ: o ti ṣe é.

ÌGBÉSẸ̀ KẸRIN: GÉ IRUN RẸ̀ KÍ ỌGBỌ́N LÈ RÁYÈ WỌLÉ

Kí ọmọ tó wọ ilé ìwé, ẹ lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Ọkùnrin àti obìnrin, ìwọ̀n kan náà: ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tàn lórí. Bí ọmọbìnrin rẹ bá béèrè ìdí, wọn yóò ní kó lè gbájú mọ́ ìwé. Bó bá béèrè ìdí tí irun kò fi dí olùkọ́ obìnrin lọ́wọ́ àtikọ́ni, fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ọmọ tó ń béèrè irú ìbéèrè yẹn kò tíì ṣe tán láti kàwé.

Ní oṣù Kẹta 2021, Achimota School ní Accra ní àwọn kò lè gba ọmọkùnrin Rásítà méjì wọlé àfi kí wọ́n gé irun wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Tyrone Marhguy. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù, ó sì di ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún kí Ilé Ẹjọ́ Gíga tó dá àwọn ọmọ náà láre. Tyrone, tí wọ́n ní irun kò ní jẹ́ kó kàwé, wọlé pẹ̀lú irun rẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú A mẹ́jọ nínú WASSCE.

Òmùgọ̀ tó mọṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìtàn yìí dé etí ọmọ. Ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé a lè béèrè ìdí òfin lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, pé ilé ẹjọ́ wà, pé ilé ìwé ńlá lè ṣì í ṣe. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣòro láti jẹ gàba lé lórí.

ÌGBÉSẸ̀ KARÙN-ÚN: BÉÈRÈ IPÒ, MÁ BÉÈRÈ ÌMỌ̀

Bí ìwé èsì bá dé, má ka ohun tí olùkọ́ kọ. Wá ibi tí wọ́n kọ ipò sí. Bó bá ṣe ipò kẹta, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá orí méjì ni ẹni tó ṣe ipò kìn-ín-ní gbé lọ sílé ìwé. Má bi í ohun tó kọ́. Má bi í ìwé tó dùn mọ́ ọn. Ọmọ á yára mọ̀ pé ìmọ̀ kò níye lórí àfi tó bá ju ti ẹnìkejì lọ, pé ọ̀rẹ́ tó jókòó tì í jẹ́ ọ̀tá tó wọ yunifọ́ọ̀mù kan náà.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà kò jìn sí ìbéèrè ìdánwò tó jò, èyí tí wọ́n ń pè ní apor ní Gánà, tí wọ́n ń pè ní expo ní Nàìjíríà. Bó bá jẹ́ ipò nìkan là ń fẹ́, ta ló yẹ kó bínú bí ọmọ bá gba ọ̀nà ẹ̀yìn wá a? Ní oṣù Kẹfà 2015, WAEC fagi lé iṣẹ́ márùn-ún nínú ìdánwò BECE nítorí ìbéèrè ti jò, àwọn ọmọ tó mọ̀wé àti àwọn tó ra ìbéèrè sì jọ padà wá jókòó sí gbọ̀ngàn. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kàwé títí ilẹ̀ fi mọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ kan lọ́jọ́ yẹn tí olùkọ́ kankan kò lè nù kúrò lórí pátákó.

Iṣẹ́ tìrẹ: bí wọ́n bá ní kí òbí dá owó «ètò ìdánwò», dá a. Má béèrè ètò wo ni.

ÌGBÉSẸ̀ KẸFÀ: RA BÁÀJÌ FÚN UN

Kumasi ní ilé ìwé tí orúkọ wọn ń ṣílẹ̀kùn. Prempeh College ni àwọn ìjọ Presbyterian àti Methodist dá sílẹ̀ ní 1949 pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Asantehene, ọba Asante. Opoku Ware ni ìjọ Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní 1952. Àwọn tó jáde ní Prempeh ń pe ara wọn ní Amanfoɔ, ti Opoku Ware ń jẹ́ Akatakyie, wọ́n sì ń bá ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi ń hu ewú. Láti 1993 tí ìdíje National Science and Maths Quiz ti bẹ̀rẹ̀, Prempeh ti gbé ife náà délé lẹ́ẹ̀marùn-ún, ọjọ́ tí wọ́n bá gbà á, ojú ọ̀nà Kumasi kì í gba ọkọ̀.

Ìwúrí rere nìyẹn, òmùgọ̀ sì mọ bí a ti ń bà á jẹ́. Bí kọ̀ǹpútà bá pín ọmọ rẹ sí ilé ìwé àdúgbò, ṣe bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Sunkún níwájú rẹ̀. Wá ẹni tó mọ ẹnìkan tó mọ ẹnìkan, tí àwọn ará Gánà ń pè ní protocol. Bó bá bọ́ sí i, ọmọ yóò wọlé ní mímọ̀ pé kì í ṣe orí òun ló gbé òun débẹ̀. Bí kò bá bọ́ sí i, ọmọ yóò wọ ilé ìwé àdúgbò ní mímọ̀ pé bàbá òun ti pe òun ní ọmọ tó sọnù. Èyí tó bá já sí, o ti jèrè.

ÌGBÉSẸ̀ KEJE: KỌ́ Ọ BÍ A TI Ń MỌ ÀJÈJÌ

Ilé ìwé ní í kọ́kọ́ sọ fún ọmọ pé àlejò ni, tàbí pé onílé ni. Olùkọ́ ń ka orúkọ láàárọ̀: Kwame, Akosua, Yaw. Ó dé orí Adéwálé, ó dúró, ó kán an sí méjì, kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ní ohun búburú kan lọ́kàn. Síbẹ̀ Adéwálé ti mọ̀ pé òun kì í ṣe ara wọn, àwọn ogójì yòókù náà sì ti mọ̀.

Àwọn Yorùbá ti pẹ́ ní Kumasi. Àwọn bàbá àti ìyá wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ṣakí àti Èjìgbò wá ta aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti ohun èlò ilé ní ọjà ibẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ ń fi Twi lá àlá. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kúrò. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ka ìwé lọ́wọ́ bá òbí wọn wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú tí wọn kò rí rí. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé ibẹ̀ fi ahọ́n wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè wọ́n ní ará Gánà.

Ẹni tó jẹ́ olórí ìjọba Gánà nígbà náà ni Kofi Abrefa Busia, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ àwùjọ, tó kàwé ní Mfantsipim àti ní Oxford. Ní 1964, ọdún márùn-ún ṣáájú àṣẹ náà, ó ti kọ ìwé kan, Purposeful Education for Africa. Nínú rẹ̀ ló ti ṣàlàyé bí òun ṣe ti ilé ìwé padà sí Wenchi, ìlú òun, tí òun sì rí i pé ẹ̀kọ́ tí òun kọ́ ti yà òun sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ènìyàn òun. Ẹni tó mọ bí ilé ìwé ti ń sọni di àjèjì nínú ilé baba ẹni ni àṣẹ àjèjì ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Òye kò tó nǹkan, òmùgọ̀ mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá lè ní in, kó má sì lò ó.

Má sì yọ̀ mọ́ Gánà. Ní oṣù Kìíní 1983, Ààrẹ Shehu Shagari ti Nàìjíríà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ará Gánà sì kó ẹrù sínú báàgì tí à ń pè ní Ghana Must Go títí dòní. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò wà lára wọn. Àwa ọmọ ilé ìwé ń fi orúkọ báàgì ṣe àwàdà. Kò sí olùkọ́ tó kọ́ wa ní àwàdà yẹn, kò sì sí èyí tó dá wa lẹ́kun.

ÌKÌLỌ̀: EWU TÓ LÈ BA IṢẸ́ RẸ JẸ́

Òmùgọ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí àwọn nǹkan wọ̀nyí ń gbà wọlé, ohun rere náà ń gbà á.

Ewu kìíní ni yàrá ibùsùn. Bí oúnjẹ bá tán nínú àpótí ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ Asante, ọmọ Ewe, ọmọ Dagomba àti ọmọ Yorùbá yóò da gàrí pọ̀ sínú abọ́ kan, omi, súgà, ẹ̀pà, ṣíbí mẹ́rin. Ètò ẹ̀kọ́ kankan kò pàṣẹ rẹ̀. Àwọn tó jẹ gàrí yẹn pọ̀ máa ń wá síbi ìgbéyàwó ara wọn lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, èyí tó mú kí ìgbésẹ̀ keje ṣòro gan-an.

Ewu kejì ni olùkọ́ rere. Ìwọ yóò mọ̀ ọ́n: bó bá pẹ́ẹ́ dé, ó máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ kíláàsì. Ó máa ń fún gbogbo ọmọ ní àdá, á mú tirẹ̀, wọn á sì jọ gbin ẹ̀fọ́ tí wọn yóò jẹ. Bí olórí kíláàsì bá mú ìwé orúkọ wá, á bi í pé, «Ìwọ ńkọ́, kí lo ń ṣe nígbà tí wọ́n ń pariwo?» Ó máa ń béèrè bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ Adéwálé, á sì pè é bẹ́ẹ̀. Irú olùkọ́ yìí léwu. Ọmọ tó bá kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ lè gbàgbé gbogbo ìṣirò tó kọ́ ọ, kò ní gbàgbé pé alágbára lè ṣe dáadáa.

Ewu kẹta ni ìwọ fúnra rẹ, bí o bá la ojú.

Ẹ̀YIN TÍ KÌ Í ṢE ÒMÙGỌ̀

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ti rẹ́rìn-ín débí, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kù. Ọmọ tí a kò kọ́ ni àwọn àgbà sọ pé yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Wọn kò sọ fún wa pé ọmọ tí à ń kọ́ náà ń gba ẹ̀kọ́ mìíràn lẹ́yìn wa. Ilé ìwé kò ní yéé ní ẹ̀kọ́ abẹ́lẹ̀, nítorí níbi tí ènìyàn bá pọ̀ sí, ìwà ni yóò máa kọ́ni. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa ni láti mọ èyí tó ń lọ lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, bí ẹ bá ti gbé oúnjẹ kalẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ipò. Ẹ bi ọmọ yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni wọ́n fìyà jẹ lọ́sẹ̀ yìí, kí ló ṣe? Ta ni wọ́n yìn, kí ló ṣe? Ta ni ẹ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, kí ló sì fà á? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìdáhùn, kí ẹ mú èyí tó bá burú lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́, níbi tí ó ti jẹ́ pé owó àga àti owó fáànù nìkan là ń sọ. Kí ẹ sì bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílé, nítorí ohun tí ẹ bá ń yìn ní ìsọ̀ yín àti ohun tí ẹ bá ń fi ṣẹ̀sín nínú ọkọ̀ ló ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ tí ọmọ gbà lọ́hùn-ún.

Ìwé èsì yóò sọ iye tí ọmọ gbà nínú ìṣirò fún yín. Ẹni tí ọmọ náà ń dà, ẹ̀yin ni ẹ gbọ́dọ̀ béèrè.